Àbúrò Orí Ìwé

Àwọn àgbà ní oore kì í gbé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Oore tí Olùkọ́ Àlàbí ṣe fún Tiwalọpẹ́ kò gbé rárá. Ńṣe ló jókòó síbì kan tó ń dúró dè é, títí ọmọ náà fi dàgbà tó sì mọ ìfẹ́, kó tó dìde wá gba ẹ̀san lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyìí ni oore náà ṣe rí. Lọ́dún tí Tiwalọpẹ́ máa ṣe ìdánwò CEP, ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní abúlé Bessé lẹ́bàá Ṣábẹ̀, wọ́n ní kò lè forúkọ sílẹ̀ torí kò ní ìwé ìbí. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ìrìn rìn. Germaine ìyá rẹ̀, tó ń ro oko sóyà tó sì ń ṣa kajú, kò mọ ojú adájọ́ tó ń fúnni ní ìwé náà, kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àlàbí ni ọ̀gá ilé-ìwé nígbà náà. Òun náà ń lọ gba ìwé fún Fréjus, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló bá kọ orúkọ Tiwalọpẹ́ mọ́ ọn, ó sọ fún adájọ́ pé òun lòun bí àwọn méjèèjì. Ìwé jáde. Germaine gbé àkùkọ kan lọ sílé rẹ̀ ní àdúgbò Plateau ní Ṣábẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní irọ́. Ní àdúgbò wa, àwọn ọmọ tó wọ ilé-ìwé lábẹ́ orúkọ bàbá tí kò bí wọn kò lóǹkà. Ìwé wà fún ìjọba, ẹbí wà fún ara wa, a kì í po méjèèjì pọ̀. Àṣìṣe tiwa nìyẹn, torí ìjọba máa ń ka ohun tí a bá kọ.

Tiwalọpẹ́ dàgbà, ó wá sí Ṣábẹ̀ láti kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ Tàǹtí Elvire, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Fréjus ti bá a. Ó gbé ṣòkòtò kan wá kí wọ́n bá òun dín in, ó gbọ́ tí Elvire ké pe "Àlàbí Tiwalọpẹ́!", ó sì yíjú.

"Àlàbí wo?" ló bi ọmọbìnrin tó dáhùn. "A ò ní ọmọbìnrin nílé wa."

"Àlàbí olùkọ́. Bàbá rẹ ni bàbá mi lórí ìwé. Ìwọ ni wọn ò sọ fún."

"Háà! Ṣé ogún lo wá gbà?"

"Ṣòkòtò ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ gbà. Gbé e wá, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀."

Fréjus gbé e fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún gbé ṣòkòtò kan náà wá, ó ní ó ti fún jù, kí wọ́n tú u. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí wọ́n gé e kúrú. Nígbà tí òjò fi máa bẹ̀rẹ̀, ṣòkòtò ọ̀hún kò wúlò fún ẹ̀dá kankan mọ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń ríra, lẹ́yìn ìsìn, níbi àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú. Fréjus ti gba BAC, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé girama, kò sì rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ló ní, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Tiwalọpẹ́ máa ń gbọ́ ọ, inú rẹ̀ á dùn, lẹ́yìn náà ẹ̀rù á bà á. Bó bá ń padà sílé, á máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ọmọ olùkọ́ ń wá lọ́dọ̀ ọmọ aláro oko Bessé. Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi òun ṣeré? Lọ́jọ́ kan ó bi í lójúkojú.

"Eré kọ́," ni Fréjus wí. "Mo ti sọ fún Tàǹtí Elvire pé kó lọ bá Papá."

Ni Tiwalọpẹ́ bá sunkún. Ó nífẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin náà débi pé ara ń dùn ún.

Elvire wẹ̀, ó ró aṣọ tó dára, ó lọ sí Plateau. Opó ọkùnrin ni Àlàbí, ó ti fẹ̀yìn tì, àlàgbà ni nínú ìjọ, gbogbo àdúgbò ló ń pè é wá bá wọn parí ìjà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Elvire dé òpin, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi àbúrò ṣaya. Elvire, ṣé orí rẹ pé ṣá?"

"Ọ̀gá, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹ ò bí Tiwa. Oore lẹ ṣe."

"Gbogbo ayé mọ̀. Ṣé mérì tí ìjọba ti ń so tọkọtaya pọ̀ mọ̀? Tí wọ́n bá gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀ níbẹ̀, bàbá kan náà ló wà lórí wọn. Ta ló máa so wọ́n pọ̀? Àbí èmi ni kí n lọ bá adájọ́ pé mo purọ́ níwájú rẹ̀, pé èmi àlàgbà búra èké?"

"Ẹ lè sọ pé àánú ló ṣe yín."

"Àánú kì í ṣe ẹ̀rí." Ó dìde, ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti tán. "Yàtọ̀ sí ìyẹn, Elvire, n kò tọ́ Fréjus kó wá fi ọmọ aláro oko ṣaya. Má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Elvire sọ fún un kí oòrùn tó wọ̀. Irú alárinà tó jẹ́ nìyẹn.

Fréjus bá bàbá rẹ̀ fà á. Kò jẹun nílé mọ́, kò kí i láàárọ̀, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ofè. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, Àlàbí ránṣẹ́ pè é. Ó ní ó dáa, òun gbà. Tí wọ́n bá ti kórè sóyà tán, òun á lọ sílé ẹjọ́ lọ tún ìwé náà ṣe. Germaine gbọ́ ní Bessé, ó jó láàárín ebè. Ó ní ọkọ òun tó wà nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́, ó sì lọ síbi ibojì rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ròyìn fún un.

Ká ní wọ́n lọ sílé ẹjọ́ náà kí sóyà tó gbó, ìtàn yìí ì bá parí síbí, ẹ ì bá sì máa ka ìtàn mìíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Àlàbí jẹ lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà. Ọdọọdún ló ń ta á, bí gbogbo wa ṣe ń ta á, láìretí ohun kan. Rachad, tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Plateau, ló máa ń bá a kọ ọ́. Lọ́dún yẹn, Rachad béèrè ìwé gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, Àlàbí sì kó àpò ìwé rẹ̀ fún un lódindi. Rachad kọ Fréjus, ó kọ Tiwalọpẹ́, ó ya fọ́tò wọn mọ́ ọn. Tiwalọpẹ́ tiẹ̀ rò pé ti ìdánwò ìránṣọ ni fọ́tò náà wà fún.

Nígbà tí ìròyìn dé, ìlú kún ilé Àlàbí. Gíríìnkáàdì! Àwọn tí kò kí i tẹ́lẹ̀ wá kí i. Fréjus gbé Tiwalọpẹ́ sókè lójú Elvire, ó yí i po. Ẹ̀yìn ìgbà tó gbé e kalẹ̀ ni ọmọbìnrin náà wá béèrè pé ìgbéyàwó àwọn ńkọ́.

Wọ́n lọ bá Rachad. Tiwalọpẹ́ ló ń béèrè, Fréjus kàn dúró tì í.

"Tí a bá ṣègbéyàwó kí físà tó jáde ńkọ́?"

"Fréjus á bọ́ sílẹ̀," ni Rachad wí. "Ọmọ tí kò tíì ṣègbéyàwó nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó tẹ̀lé bàbá."

"Tó bá jẹ́ ìdána nìkan, tí a ò dé mérì?"

"Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti ṣègbéyàwó níbìkan, tàbí lọ́nà kan. Tẹ́ ẹ bá purọ́, tí wọ́n sì mọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ yín títí láé."

"Kí wọ́n wá tún ìwé mi ṣe, kí wọ́n yọ mí kúrò nínú dòsíyé, ìwé tí ẹ kó ránṣẹ́ yẹn."

Rachad mirí. "Ẹ ti kọ ọ́ pé ọmọ Àlàbí ni yín. Tẹ́ ẹ bá wá ń tún un ṣe báyìí, wọ́n á béèrè pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ ní àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Ẹ wọlé síbẹ̀ ná gẹ́gẹ́ bí ọmọ, ẹ̀yìn ìgbà náà lẹ ó máa tú u."

"Ṣé ó ṣeé tú?"

"Kí ni kò ṣeé tú lókè òkun?" ni Rachad wí. Kò dé òkè òkun rí, Kùtọnú náà sì ni òpin ìrìn-àjò rẹ̀.

Lọ́nà ilé, Fréjus di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Oṣù díẹ̀ ni, Tiwa. Máa jẹ́ àbúrò mi fún oṣù díẹ̀, kí o lè jẹ́ ìyàwó mi fún ìyókù ayé wa."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pe Àlàbí ní Papá níwájú ènìyàn. Ó ń fi ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan jìnnà sí Fréjus bí wọ́n bá ń rìn. Àlàbí náà yí padà. Ọmọ aláro oko tí kò yẹ ní ìyàwó wá di ọmọ tó ń fi han àlejò. "Ọmọbìnrin mi rèé," á ní, á sì gbọ́wọ́ lé e lórí. Kó jẹ́ ọmọ ló dára fún un báyìí, torí bó bá ti jẹ́ ọmọ, kò lè jẹ́ aya.

Wọ́n lọ sí Lómè, sí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà, fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ń sọ Faransé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo ojú Àlàbí, ó wo ojú Fréjus, ó wo ojú Tiwalọpẹ́ pẹ́ jù. Ó béèrè pé ìyá wo ló bí èyí, ìyá wo ló bí ìyẹn. Ó béèrè pé ilé ta ni ọmọbìnrin náà gbé dàgbà. Ó wá ní kò burú, kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ADN tó ń fi bàbá tó bímọ hàn, bàbá àti àwọn ọmọ, kí wọ́n sì padà wá.

Wọ́n jáde. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níta bí àwọn tí ọkọ̀ já sílẹ̀ sójú ọ̀nà.

"Ó ti tán," ni Fréjus wí.

"Kò tíì tán," ni Àlàbí wí. Ó ti ń ronú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá àtọmọ gun ọ̀kadà zẹ́mìjàn wá sí Bessé, wọ́n bá Tiwalọpẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Germaine ń fọ́ kajú. Ó dìde, ó nu àga, ó bu omi wá. Àlàbí mu omi náà tán pátápátá kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Tiwa, oore ni mo ṣe yín."

"A ò gbàgbé, Ọ̀gá. Ọlọ́run náà ò ní gbàgbé."

"Oore yẹn ló fẹ́ pa mí báyìí. Tí àyẹ̀wò bá jáde pé n kò bí i, wọ́n á ní mo fi ọmọ ọlọ́mọ jalè. Èmi á bọ́, Fréjus á bọ́. Ọ̀nà kan ló kù." Ó wo ilẹ̀. "Kí n sọ pé mo rò pé ọmọ mi ni. Pé èmi àtẹ̀yin ti mọ ara wa nígbà kan, ẹ sì sọ fún mi pé èmi ni mo ni oyún náà. Wọ́n á ní obìnrin ló tàn mí. Wọ́n á yọ Tiwa nìkan, wọ́n á fi àwa yòókù sílẹ̀."

Germaine kò kọ́kọ́ lóye. Nígbà tó yé e, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kajú.

"Ọkọ mi wà láyé nígbà tí mo loyún ọmọ yìí, Ọ̀gá. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá a jẹun. Ẹ fẹ́ kí n sọ pé mo ṣe panṣágà lé e lórí?"

"Níwájú àwọn òyìnbó nìkan ni."

"Ọkọ mi ń gbọ́ Faransé," ni Germaine wí.

Fréjus bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Mamá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la mọ òtítọ́. Tí àyẹ̀wò bá jáde pé a kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà, mérì pàápàá á gbà wá. Mà á padà wá, mà á gbé Tiwa níyàwó, mà á kọ̀wé béèrè fún un gẹ́gẹ́ bí aya mi. Ohun tó máa sọ wá di tọkọtaya lẹ ó ṣe yìí."

Tiwalọpẹ́ wo ẹ̀yìn ọmọkùnrin náà, bí eruku ṣe bo ẹ̀wù rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Gbólóhùn kan lẹ́nu rẹ̀ ì bá ti fòpin sí i. Ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń béèrè burú. Ṣùgbọ́n ó rí Amẹ́ríkà tó ń bọ́ lọ́wọ́ Fréjus nítorí òun, ó rí i bó ṣe máa wo òun lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀rù sì bà á ju ìtìjú lọ.

"Mamá," ló wí, "ẹ ràn wá lọ́wọ́."

"Ṣé ìwọ lo ní kí n sọ ọ́?"

"Èmi ni, Mamá."

Germaine wo ojú rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Ìtìjú tèmi ò tó nǹkan kan, tó bá jẹ́ pé òun lo máa fi rílé ọkọ." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ kajú rẹ̀.

Níwájú òyìnbó nìkan, ni Àlàbí wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa gbé lọ sí Lómè, wọ́n ní àgbà ìdílé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n pe Pierre, ẹ̀gbọ́n Àlàbí, tó jẹ́ olórí ẹbí wọn. Pierre jókòó, ó gbọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń sọ ọ́, ó gbọ́ Germaine tó ń dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni," "Bẹ́ẹ̀ ni," pẹ̀lú orí tó tẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún Pierre pé irọ́ ni. Àlàbí ní kò yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé Bessé kí Germaine fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí balẹ̀ láàárín ọjà. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ wá sílé. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n ní aya tó dalẹ̀ ọkọ kì í jẹ nínú oko rẹ̀, wọ́n sì gba oko kajú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan wá gé igi dí ọ̀nà tó lọ síbi ibojì. Germaine kò lè sọ pé irọ́ ni, torí físà kò tíì jáde. Fréjus ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n padà sí Lómè. Àyẹ̀wò ti jáde: Fréjus jẹ́ ọmọ Àlàbí, Tiwalọpẹ́ kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì ka ìwé ẹ̀rí náà, ó ṣe bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ó nawọ́ sí Fréjus, ó bi Tiwalọpẹ́ pé, kí àyẹ̀wò tó jáde, ta ni ó mọ ọkùnrin yìí sí?

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Tiwalọpẹ́ wí.

Fréjus mi orí kíákíá pé bẹ́ẹ̀ ni. "Àbúrò mi ni. A jọ dàgbà ni." Kò wo ojú rẹ̀. Ó ń wo ìwé ìrìnnà tirẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin náà.

Wọ́n fún Àlàbí àti Fréjus ní físà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n gbàdúrà fún wọn ní ilé Plateau, àwọn ènìyàn kún àgbàlá. Germaine kò lè wá. Tiwalọpẹ́ dúró lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, torí kò ní ibi tó lè dúró sí: kì í ṣe ọmọ ilé mọ́, kò tíì di aya ilé. Fréjus rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fẹnu kàn án létí.

"N ó padà wá gbé ọ níyàwó. Búra pé o máa dúró."

"Ìwọ ni kó búra."

Ó búra. Ó sunkún débi pé Elvire ní láti nu ojú rẹ̀. Ẹkún òtítọ́ ni. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọmọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Kí mérì lè gbà wọ́n, Tiwalọpẹ́ gbé èsì àyẹ̀wò náà lọ bá adájọ́, adájọ́ sì yọ orúkọ Àlàbí kúrò lórí ìwé Tiwalọpẹ́. Wọ́n fún un ní ìwé tuntun, ojú ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ bàbá sí sì ṣófo. Ó lọ bá ẹbí bàbá rẹ̀ ní Bessé pé kí wọ́n wá jẹ́rìí fún òun. Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni ọ́? Ìyá rẹ ní olùkọ́ ni. Ìwé òyìnbó ní kì í ṣe olùkọ́. Kó lọ rántí ẹlòmíràn." Ó gbé ìyẹn mì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á lo orúkọ Fréjus láìpẹ́, orúkọ bàbá kì í ṣe ohun tí aya ilé ń wá kiri.

Ìgbà ẹ̀rùn dé, Fréjus ti ríṣẹ́ ní ilé ẹrù kan, ó sì ní òun á wá sílé ní Kérésìmesì láti ṣe ìgbéyàwó ní mérì. Elvire tún wẹ̀, ó tún ró aṣọ tó dára, ó lọ bá Pierre pé kí ẹbí dá ọjọ́ ìdána.

Pierre wò ó bí ẹni tó rí aṣiwèrè. "Ọmọ tí Germaine bí, Germaine tí bàbá Fréjus bá sùn? Kí Fréjus fi ṣaya?"

"Bàbá, kò bá a sùn. Wọ́n sọ ọ́ nítorí físà ni."

"Mo jókòó níbẹ̀. Mo fi etí mi gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin, mo gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin. Èèwọ̀ ni, Elvire. Bàbá àti ọmọ kì í na ẹní sínú agbo ilé kan náà."

Elvire kò gbà. Ó ní kí wọ́n pe Àlàbí lórí fóònù, níwájú gbogbo ẹbí, kó fẹnu ara rẹ̀ tú u. Wọ́n pè é. Tiwalọpẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń jáde láti Amẹ́ríkà, ó mọ́ gaara.

"Ọ̀gá," ni Elvire wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún ẹbí. Ṣé ẹ mọ Germaine rí?"

Bí Àlàbí bá sọ pé irọ́ ni, kíákíá ni ọ̀rọ̀ á dé etí ẹni tí kò yẹ, gíríìnkáàdì á sì wà nínú ewu. Ó mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé ohun tí òun ti ń wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló wà lọ́wọ́ òun yìí.

"Ohun tí mo bá fọwọ́ sí," ló wí, "mo ti fọwọ́ sí i."

Tiwalọpẹ́ fẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀. Inú bí i. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Bessé, sílé ìyá rẹ̀, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà pé Fréjus ṣì wà. Pierre kọ́ ló máa gbé òun níyàwó. Àlàbí kọ́. Fréjus mọ òtítọ́. Ó wà níbẹ̀. Òun gan-an ló dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Kó ṣáà wá, kí wọ́n lọ sí mérì, kí wọ́n fi gbogbo ìlú sílẹ̀ pẹ̀lú èèwọ̀ wọn.

Ó pè é títí kó tó gbé e. Ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dúró kí ó bínú fún òun. Fréjus kò bínú.

"Tiwa, má bínú," ló wí. "Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Papá ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa yàrá kan tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó tiẹ̀ rántí irú ìró tí Mamá ró. Ṣé ó dá ọ lójú... ṣé ó dá ọ lójú pé kò sí nǹkan kan láàárín wọn rí?"

Tiwalọpẹ́ jókòó sílẹ̀. "Fréjus. Ìwọ lo dọ̀bálẹ̀ fún Mamá pé kó sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ohun tí mo ń rò nìyẹn. Kí ló dé tó fi gbà? Kò bá wa jà. Kò ní ká fún òun láyè kóun ronú. Obìnrin wo ló máa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sára tí kò bá ní òtítọ́ díẹ̀ nínú?"

Ó fẹ́ dáhùn. Ó fẹ́ sọ pé èmi ni mo ní kó gbà, pé ìfẹ́ rẹ ló jẹ́ kí n sọ ọ́, pé ó wo ojú mi kó tó sọ pé ó dáa. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó yí ẹ̀yìn ilé lọ, síbi tí Germaine ti ń bó ẹ̀pà ẹlẹ́pà gbowó, nígbà tí kò ní oko tirẹ̀ mọ́.

"Mamá, Fréjus ni. Ó ní ìbéèrè kan fún yín."

Ojú Germaine là. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró rẹ̀, ó gba fóònù náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé e sétí.

"Ọkọ ọmọ mi! Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé otútù ibẹ̀ ò pọ̀ jù? A ń retí rẹ o, gbogbo wa la ń retí rẹ." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè kí ni? Bi mí, ọmọ mi. Mò ń gbọ́."

Tiwalọpẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wo ẹ̀rín náà lójú ìyá rẹ̀, ó sì ń dúró de ìgbà tí yóò kúrò níbẹ̀.